Òkèlè Tó Sọ Félicité Kalẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí bàbá yín bá gé òkèlè, tó nà án sí yín lẹ́nu lójú gbogbo èèyàn, tí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ sì ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí èrò bá rí yín tí ẹ ń jẹun ni iṣẹ́ bọ́, ta lẹ máa gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹni tó jókòó sílé, tó ti yó, ìdáhùn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Félicité kò sí nílé lọ́jọ́ tí ìbéèrè yìí bá a. Òkè ló wà, níbi tí igi ọ̀pẹ ti ń kéré bí eéran lójú. Ebi sì ń pa á.

Ọmọ Adja-Ouèrè ni. Ìyábùnmi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú. Àwọn Másẹ̀rù ìjọ Kátólíìkì tó kọ́ ọ níwèé ní Àjàṣẹ́ ló fi Félicité kún un. Àdùnní, ìyá rẹ̀, kò ní òmíràn tó yè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Zacharie Fádáre, ló gbà á tọ́, òun náà ló sì ń pè ní Bàbá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn Faransé fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà ní Kutọnu tó ń kó èrò lọ sí Parakou, tó sì ń ti ibẹ̀ kọjá lọ sókè. Àwọn tó ni ín ń wá ọmọbìnrin dúdú tó gbọ́ Faransé dáadáa, tí yóò máa tọ́jú èrò. Òtẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n mú Félicité, wọ́n sì mú Cécile, ọmọ Àjàṣẹ́.

Félicité fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun wo ilẹ̀ láti òkè, odò Wẹ̀mẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé tó já sílẹ̀ nínú koríko. Lókè yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ́kọ. Kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́ omi. Ó ní bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n kúkú gbé òun sin.

Òyìnbó obìnrin kan ni olórí wọn. Màdámù ni wọ́n ń pè é. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Màdámù ní, “Èrò ò gbọdọ̀ rí eyín yín àfi tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé oúnjẹ fún èrò. Ẹ kó àwo kúrò. Lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sẹ́yìn aṣọ rídò tó ké ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ kọjú sí ara ọkọ̀, kí ẹ jẹ tiyín ní dídúró. Bí èrò bá pè yín, ẹ gbé e mì, ẹ nu ẹnu, ẹ jáde.”

Cécile béèrè pé, “Bí èrò bá fún wa ní nǹkan jẹ ńkọ́?”

“Ẹ dúpẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́.”

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa gbé oúnjẹ gbígbóná kiri níwájú imú ara rẹ̀, láìtíì fẹnu kan nǹkan kan láti òwúrọ̀? Bí ó bá wá di ìgbà tiwọn, oúnjẹ ti tutù, èrò kan á sì pè. Cécile máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rídò pé, “Félicité, àwa la di eku yìí.”

Nígbà tí Félicité gba kọ̀njé ìsinmi, ó wálé. Ìkórè àgbàdo ni. Gbogbo ilé wà lóko Bàbá Zacharie lọ́nà Kpoulou, wọ́n jókòó yí àgbàdo ká, wọ́n ń yọ hóró rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ ìtàn òkè fún àwọn. Ó sọ ti ìkùukùu, ó sọ ti òyìnbó tó ń bì sínú àpò. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé dá ọwọ́ dúró.

“Ẹ̀yin ń sá jẹun ni?”

“A kì í sá, Ìyàwó. Rídò la ń fà.”

“Ohun tó ń jẹ́ sísá náà nìyẹn. Ẹni tó fi aṣọ bojú jẹun, ahun ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹran ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹran.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá Zacharie ní, “Ìyẹn ni pé ẹ ò ní sọ fún àwọn èrò pé ẹ wá jẹun?”

“Bàbá, tí mo bá ní ẹ wá jẹun, òyìnbó á wá lóòótọ́.”

Ẹ̀rín ọ̀tẹ̀ yìí, àgbàdo ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí nílẹ̀ wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń jẹun á ní ẹ wá jẹun. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní á gba ibi ire. Kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá jókòó ti àwo lóòótọ́, ìyà ló jẹ ẹ́ tàbí kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹnìkan tún béèrè láàárín ẹ̀rín pé, “Bí wọ́n bá wá rí yín tí ẹ ń jẹ ńkọ́?”

“Wọ́n á ní ká máa lọ sílé nìyẹn. Màdámù ò mọ ẹ̀bẹ̀.”

N ó sọ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí, kí n má bàa gbàgbé. Ibi tí iṣẹ́ rẹ ti lè dà wó, má ṣe fi ṣe àwàdà láàárín ilé. Ẹlẹ́rìn-ín pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ló ń rò ó lẹ́rìn-ín.

Félicité padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Zacharie yọ ní Kutọnu tòun ti agbádá funfun, ó fẹ́ wọkọ̀ òfurufú.

Epo ni Bàbá Zacharie ń tà, ó sì ní àwọn oníbàárà ní Parakou. Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé e lọ. Ó máa ń ní ohun tí kò bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, òun ò ní gbé ara òun lé e.

Félicité kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn.

“Bàbá, ẹ̀yin rèé nínú àfíọ̀n?”

“Mo fẹ́ wo ibi tí ọmọ mi ń gbé ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìyábùnmi, ibo ni kí n jókòó?”

“Félicité ni wọ́n ń pè mí níbí, Bàbá.”

“Orúkọ tí a sọ ọ́ ni mo pè.”

Kó tó dé ìjókòó rẹ̀, ó ti kí gbogbo èrò lọ́tùn-ún lósì pé ẹ kú ìjókòó. Àwọn Hausa àti Yorùbá tó ń ṣòwò dá a lóhùn. Àwọn òyìnbó wo ojú ara wọn. Félicité dì í ní bẹ́líìtì, ọkọ̀ gbéra, Bàbá Zacharie di ọwọ́ àga mú, ó sì di ojú pọ̀ títí wọ́n fi dé òkè.

Nígbà tí oúnjẹ dé, Félicité gbé tirẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wò ó.

“Kí lèyí?”

“Ẹran ni, Bàbá, àti búrẹ́dì.”

“Ẹran tó ti tutù bí imú ajá. Gbé e fún ẹni tó ni ín.”

Ó fa àpò rẹ̀ jáde lábẹ́ àga, ó tú ewé. Ẹ̀kọ ni, pẹ̀lú ẹja díndín tó mù nínú ata àti epo. Òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀. Òyìnbó obìnrin kan tó dé fìlà funfun fi ọwọ́ bo imú. Hausa kan tó jókòó lẹ́yìn mí kanlẹ̀.

“Ìyábùnmi, wá jẹun.”

“Á gba ibi ire, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló sọ yẹn. Ó tiẹ̀ rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Zacharie gbójú sókè.

“Ta lò ń sọ fún pé á gba ibi ire? Àlejò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Àbí o ti di àlejò mi?”

“Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sẹ́yìn, n ó jẹ ẹ́ níbẹ̀.”

“Kí o lọ máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn aṣọ bí olè? Oúnjẹ tí mo fún ọ? Kí ni mo fi sínú rẹ̀ tí o ò fi lè jẹ ẹ́ lójú mi?”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nílé wa, tí àgbà bá ti béèrè ohun tó wà nínú oúnjẹ òun, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ebi. Bí ọmọ bá kọ̀ ọ́, ó pe àgbà náà ní apani nìyẹn.

Félicité wẹ̀yìn. Cécile dúró lẹ́nu rídò, ó ń mi orí: má jẹ ẹ́. Félicité wo iwájú. Òkèlè ẹ̀kọ wà ní ìka Bàbá Zacharie, ẹja wà lórí rẹ̀, epo ń kán sórí agbádá funfun, àgbà náà kò sì fa ọwọ́ padà. Gbogbo èrò ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó lanu.

Ká sọ òótọ́, òkèlè àkọ́kọ́, nítorí bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀kejì kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹja yẹn dùn. Àná ló ti jẹun gbẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá Zacharie ní kó tún gbà, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́, tó sì já ìrù ẹja.

Bàbá Zacharie gbé ohùn sókè. “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá jẹun o.”

“Á gba ibi ire,” ni àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáhùn, láti ìjókòó dé ìjókòó. Ẹnìkan tiẹ̀ ní, “Ìyàwó ilé wa, rọra o, ẹja yẹn légungun.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ òfurufú òyìnbó di àgbàlá.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí.

Kòmándà, awakọ̀ náà, ló jáde. Èkejì rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ lọ. Kòmándà kì í jáde nígbà oúnjẹ, kò jáde rí. Ó dúró síbẹ̀, ó wo òtẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, epo pupa lára bùláòsì funfun, ìrù ẹja lọ́wọ́.

Bàbá Zacharie ní, “Ọ̀gá, ẹ wá jẹun.”

Kòmándà kọjú sí Félicité. “Mamusẹ́ẹ̀lì, kí ni bàbá yìí ń wí?”

Òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá tu ú sílẹ̀, ó tu oúnjẹ bàbá rẹ̀ dà nù lójú ayé. Bó bá ń jẹ ẹ́, Kòmándà ń wò ó. Egungun sì wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbé e mì pẹ̀lú egungun, omi dà lójú rẹ̀.

“Ó ní kí ẹ wá jẹun.”

Kòmándà wo ìrù ẹja náà. Ó ní, “Mo rí i.” Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn èrò ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Zacharie di ewé rẹ̀, kò tún wo ojú ọmọ rẹ̀ títí ọkọ̀ fi balẹ̀.

Ní Kutọnu, Màdámù ò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

“Bàbá yín ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù.”

“Ẹ ò lè sọ fún bàbá yín pé rárá?”

Félicité wá Faransé tó lè fi ṣàlàyé àlejò àti ọmọ, á gba ibi ire, àti ọwọ́ àgbà tó nà sí ọmọ lẹ́nu. Gbogbo ìwé tí àwọn Másẹ̀rù kọ́ ọ, kò sí i níbẹ̀. 

“Ẹ bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Ẹ máa lọ sílé.”

Bó ti ń jáde ló pàdé Cécile lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ti ń gún un nínú ju egungun ẹja lọ.

“Cécile, ta ló pe Kòmándà?”

Cécile wolẹ̀. “Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n...”

Félicité ò gbọ́ ṣùgbọ́n. Ó ní, “Eku ni ọ́ lóòótọ́,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n jọ ń mu omi nínú ife kan lẹ́yìn rídò, ó sọ ọ́ nù sójú ọ̀nà.

Ó dé Adja-Ouèrè nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀. Àdùnní ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kó tó dé, nítorí Bàbá Zacharie ò dúró ní Parakou, ọkọ̀ kan náà ló bá padà, ó sì ti ṣíwájú dé. Ìyá rẹ̀ ti gbá yàrá, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti pa adìẹ.

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Má sunkún. Ilé kì í lé ọmọ.”

Félicité sunkún sí itan ìyá rẹ̀ títí ó fi sùn lọ.

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Ó ń pa ẹkùrọ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń lọ sódò nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn á ní, “Félicité, kọ̀njé yìí mà gùn o,” òun á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá rẹ̀ ní ìkíkí àna. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń dún lókè, òun nìkan ni kì í gbójú sókè. Òkúta á bà á níka, kò ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde.

Ìyá rẹ̀ á dì í fún un. Ìyá rẹ̀ á bu oúnjẹ fún un kó tó bu tirẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú u rí. Kí lèèyàn lè ṣe sí irú àánú bẹ́ẹ̀? Èèyàn á kàn máa jẹ ẹ́ náà ni.

Bàbá Zacharie ní tirẹ̀ ń sá fún un. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà oko, ó yà sọ́nà mìíràn. Félicité rò pé ojú ló ń tì í nítorí àṣìṣe. Ó ti dárí jì í. Cécile ni kò dárí jì.

Ọjọ́ ọjà Ikpinlè kan ni Cécile wá. Félicité ń ta gààrì, ó gbójú sókè, ó rí i pẹ̀lú bàtà Kutọnu nínú ẹrẹ̀.

“Kí lo wá rà?”

“N ò wá ra nǹkan. O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá parí rẹ̀.”

“Parí ẹ̀, kí o máa lọ.”

“Bàbá rẹ ló ní kí n kan ilẹ̀kùn.”

Félicité rẹ́rìn-ín. “Bàbá mi tí kò gbọ́ Faransé?”

“Ó gbọ́ èdè Gun. Èmi náà gbọ́ ọ. Kó tó tú ewé rárá, ìwọ wà níwájú, ò ń pín oúnjẹ. Ó pè mí. Ó bi mí pé ṣé ẹni tó ń wa ọkọ̀ lè jáde wá kí àgbà bí òun. Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó ní kí n má tíì pè é. Ó ní ìgbà tí òun bá ní kí àwọn èèyàn wá jẹun ni kí n kan ilẹ̀kùn.”

“Ìwọ ò sì sọ fún mi.”

“Mo rò pé ó fẹ́ fi ọ́ yangàn ni. Èrò ló bẹ̀ mí níṣẹ́, mo jẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo rí i tí o kúnlẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí, mo ń mi orí sí ọ. Nígbà tó pariwo ẹ wá jẹun, mo tún dúró. Ó yíjú wò mí. Kí ni kí n ṣe? Àgbà ni.”

Félicité ò tún mọ ẹni tó ń ra gààrì mọ́. Ó fi igbá sílẹ̀ fún obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dì mọ́ Cécile, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀nà Tatonnonkon pọ̀n, níbi tí Bàbá Zacharie ti ń ṣe epo.

Ó bá a lẹ́bàá kòtò epo, òun nìkan, ó ń da omi sí i. Ó kúnlẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ bá àgbà jà nílẹ̀ wa, orí ìkúnlẹ̀ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ìyábùnmi. Ta ló ń ta gààrì?”

“Cécile wá sọ́jà.”

Ọwọ́ Bàbá Zacharie dúró nínú epo.

“Bàbá, kí ni mo ṣe yín?”

“O ò ṣe mí ní nǹkan kan.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n á lé mi?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kó epo lọ sọ́jà kí n lè lọ sọ́dọ̀ àwọn Másẹ̀rù. Ẹ mọ̀, ẹ sì fi òkèlè sí mi lẹ́nu.”

Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó tún fọ ọ́, bí ẹni pé epo náà kò fẹ́ kúrò.

“Ọwọ́ mi ni, Ìyábùnmi. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe tèmi. Ẹnìkan gbọ́ nínú rédíò, nílé àwọn Fádà, pé àfíọ̀n kan já lulẹ̀ nílẹ̀ iyanrìn, kò ku ẹnìkan. Kò sùn mọ́. Bí ọkọ̀ bá kọjá, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á máa wo òkè títí yóò fi parẹ́. Ó wá bá mi, ó ní ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ nídìí àgbàdo: bí wọ́n bá rí ọ tí ò ń jẹ, ilé ni wọ́n á ní kí o máa bọ̀. Ó ní kò sí ìnà nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n, ilé lásán ni.”

“Ẹ sì gbà.”

“Mo kọ̀. Ó tún wá. Mo tún kọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi níwájú ibojì àbúrò mi. Òun ló dín ẹja. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ bí o bá ní á gba ibi ire, nítorí ó ní o máa sọ ọ́. Ó ní bí n bá ti béèrè ohun tí mo fi sínú oúnjẹ, o máa jẹ ẹ́.”

Félicité ti mọ̀.  Síbẹ̀ ó fẹ́ kí ẹlòmíràn pe orúkọ náà, bóyá yóò jẹ́ orúkọ mìíràn.

“Ta ni, Bàbá?”

Bàbá Zacharie wo ọ̀nà ilé, ó wo kòtò epo.

“Àdùnní ni,” ló wí. “Ìyá rẹ ni.”